Ojú, Ìmọ́lẹ̀ àti Ìgbì: Ẹ̀kọ́ Físíìsì fún Ilé Ẹ̀kọ́ Girama láti Àdúgbò Àgídìngbì

Ìfáàrà

Ẹni tó bá dúró sí etí ọ̀nà Lateef Jakande ní Àgídìngbì, ní agbègbè Ìkejà, yóò gbójú sókè rí òpó irin ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó. Ibẹ̀ ni Radio Lagos, tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ mọ̀ sí Tiwa n Tiwa, ti ń fi èdè Yorùbá bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí ìkànnì 107.5. Ibẹ̀ ni Eko FM wà lórí ìkànnì 89.75, ibẹ̀ náà sì ni Lagos Television, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1980 nígbà ìjọba Lateef Jakande fúnra rẹ̀. Kò jìnnà sí wọn ni ilé iṣẹ́ Cadbury tó ń ṣe Bournvita. Láàrin àwọn ilé ńlá wọ̀nyí, jẹnẹrétọ̀ ń hó lẹ́yìn ọgbà, àwọn ajórin tí ará àdúgbò ń pè ní wẹ́dà ń jó irin lẹ́bàá títì, ọkọ̀ ojú irin sì ń fọn fèrè bí ó ti ń bọ̀ láti ìhà Agége.

Ọmọ tó bá dàgbà sí irú àdúgbò báyìí ti ń gbé inú ẹ̀kọ́ físíìsì kí ó tó mọ orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, bí ó bá dé SS2, tí olùkọ́ sì kọ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì fún gígùn ìgbì sójú pátákó, ṣe ni yóò há a sórí bí ẹni há orúkọ ìlú tí kò dé rí. Yóò dáhùn ìbéèrè nínú ìdánwò WAEC. Bí a bá wá bi í pé kí ni ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí rédíò bá ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ti wà ní títì, yóò dákẹ́.

Ìgbìyànjú láti fi èdè abínibí kọ́ sáyẹ́ǹsì ti pẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tó gbajúmọ̀ nì, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ètò náà mọ; kò dé girama, níbi tí ìgbì àti ìmọ́lẹ̀ ti di iṣẹ́ gidi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a fi èdè abínibí kọ́ni fún ọdún mẹ́fà ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2018 láti dáàbò bo èdè Yorùbá sọ Yorùbá di iṣẹ́ dandan ní ilé ẹ̀kọ́, àmọ́ kò kan ọ̀rọ̀ físíìsì. Bí ìlànà ti ń lọ tó ń bọ̀ yìí, olùkọ́ Yorùbá ni ọmọ ń bi ní ìtumọ̀ ohun tó kọ́ ní kíláàsì kejì. Ó yẹ kí olùkọ́ náà ní ohun tí yóò fi dá a lóhùn.

Ojú kò rán ohunkóhun jáde

Kí olùkọ́ tó mẹ́nu ba ìmọ́lẹ̀, ó dára kí ó kọ́kọ́ wo ohun tí èdè ti sọ sí ọmọ létí. Yorùbá a máa ní kí ènìyàn ju ojú sí ọmọ tó ń ṣeré, kí ó fi ojú sí ìsọ̀. A ní ojú rẹ̀ mú. A ní ojú rẹ̀ kò tó òkèèrè. Ẹni tó bá fi etí sí àwọn gbólóhùn wọ̀nyí dáadáa yóò rò pé ojú ní ohun kan tó ń rán jáde, tó ń lọ bá ohun tí à ń wò, tó sì ń padà wá jíṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló gbà bẹ́ẹ̀ láìmọ̀. Bí olùkọ́ bá ní kí wọ́n ya ojú àti igi, kí wọ́n sì fi ọfà hàn bí ojú ṣe ń rí igi náà, yóò yà á lẹ́nu bí ọfà tó ti ojú lọ sí ara igi yóò ti pọ̀ tó.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ní èrò yìí. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, bí Euclid àti Ptolemy, gbà pé ìtànṣán ń jáde láti inú ojú. Ẹni tó tú èrò náà palẹ̀ ni Ibn al-Haytham, ọmọ ìlú Basra tó ṣiṣẹ́ ní Kairo, tó sì kọ ìwé ńlá kan lórí ìríran ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ó tọ́ka sí i pé òòrùn a máa ta ojú ẹni tó bá tẹjú mọ́ ọn. Nítorí náà, ohun kan ń ti ìta wọlé ni, kì í ṣe pé ó ń ti inú jáde. Ní Èkó, a kò tilẹ̀ nílò òòrùn láti fìdí èyí múlẹ̀. Bí iná bá lọ lóru, tí fèrèsé wà ní títì, ojú tó mú jù lọ nínú ilé kò ní rí ọwọ́ ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ojú ló ń rán nǹkan jáde, kí ni iná lílọ ṣe fún un?

Èdè kan náà tó dá ìṣòro yìí sílẹ̀ ló ní oògùn rẹ̀ lápò. Nígbà tí òòrùn bá fẹ́ yọ, Yorùbá kì í ní ojú òun ti là. A ní ilẹ̀ ti mọ́. Ìta ni gbólóhùn yìí gbé àyípadà náà sí, kò gbé e sí inú ojú ẹni tó ń wòran. Ó jọ pé inú ìṣọ̀rọ̀ṣe yìí náà ni ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ti jáde. Olùkọ́ tó bá fi ju ojú sí sí ẹ̀gbẹ́ kan pátákó, tó fi ilẹ̀ mọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, tó sì ní kí àwọn ọmọ jiyàn èwo ni físíìsì yóò gbà, ti kọ́ wọn ní iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí físíìsì gbà ni pé a kì í rí ohunkóhun àfi bí ìmọ́lẹ̀ bá kúrò lára rẹ̀ wọ inú ojú wa. Àwọn ohun kan ní ìmọ́lẹ̀ tiwọn: òòrùn, ìràwọ̀, àbẹ́là, gílóòbù. Àwọn yòókù, títí kan òṣùpá, ìmọ́lẹ̀ tó bá lù wọ́n ni wọ́n ń dá padà.

Àgbá kékeré tó ń ṣe bí ojú

Agolo Bournvita tó ti ṣófo, tí ẹnikẹ́ni lè rí láìná kọ́bọ̀, tó láti fi ṣe àlàyé ojú. Kí a fi ìṣó tín-ín-rín tàbí abẹ́rẹ́ lu ihò kan ṣoṣo sí àárín ìdí agolo náà. Kí a wá fi bébà fẹ́lẹ́ tí a ti fi òróró ra bo ẹnu rẹ̀, kí a sì fi rọ́bà dè é. Kí ọmọ fi aṣọ dúdú bo orí ara rẹ̀ àti ẹ̀yìn agolo, kí ó wá kọ ihò náà sí ohun tí oòrùn ọ̀sán ń tàn sí dáadáa. Yóò rí àwòrán ohun náà lójú bébà, ṣùgbọ́n orí yóò wà nísàlẹ̀, ìdí yóò wà lókè.

Ìdí rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ ń rìn tààrà. Èyí tó ti orí òpó wá gba inú ihò kọjá, ó sì balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bébà. Èyí tó ti ìdí òpó wá gòkè lọ. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí òpó kan bá ga ní mítà 60, tí ọmọ dúró ní mítà 300 sí i, tí agolo rẹ̀ sì gùn ní sẹ̀ntímítà 15, àwòrán tí yóò rí lójú bébà yóò ga ní sẹ̀ntímítà 3. Bí ó bá sún mọ́ ọn dé mítà 150, àwòrán náà yóò di sẹ̀ntímítà 6.

Báyìí ni ojú ènìyàn náà ṣe rí. Ọmọ ojú, ibi dúdú tó wà láàrin ẹyinjú, ihò ni. Kì í ṣe ohun dúdú kan tó jókòó síbẹ̀. Ó máa ń fẹ̀ nínú òkùnkùn, ó sì máa ń sún kì nínú oòrùn. Awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú ló ń tẹ ìmọ́lẹ̀ jù lọ kí ó tó wọlé. Lẹ́ńsì tó wà lẹ́yìn ọmọ ojú ló ń ṣe àtúnṣe yòókù, tó ń ki nígbà tí à ń wo ohun tó wà nítòsí, tó sì ń tín-ín-rín nígbà tí à ń wo òkèèrè. Àwòrán náà balẹ̀ sórí awọ ẹ̀yìn ojú ní ìdoríkodò bíi ti inú agolo, ọpọlọ ló ń túmọ̀ rẹ̀. Bí ọjọ́ orí bá ń lọ, lẹ́ńsì a máa le, kò ní lè ki mọ́ bó ṣe yẹ. Ìdí nìyẹn tí àgbàlagbà fi ń na ìwé ìròyìn jìnnà sí ojú kí ó tó lè kà á, títí ọwọ́ rẹ̀ kò fi ní gùn tó, tí yóò sì lọ ra awò.

Kí olùkọ́ kìlọ̀ gidigidi pé a kò gbọdọ̀ fi agolo yìí tàbí ojú lásán wo òòrùn tààrà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, nígbà tí òṣùpá bo òòrùn pátápátá láwọn ibì kan ní Gánà, Tógò àti Bìnì, apá tó pọ̀ lára òòrùn ló bò ní Èkó náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì jáde síta láti wò ó. Ọ̀nà tí kò léwu ni kí a kọ ẹ̀yìn sí òòrùn, kí a jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ihò kékeré kan balẹ̀ sórí bébà funfun. Àwòrán òòrùn tí wọ́n ti gé jẹ ni yóò hàn níbẹ̀, ojú kò sì ní fara gbá.

Ìgbì tó ń lọ tí omi kò lọ

Ìgbì ni ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ń lò fún omi òkun tó bá ń ru. Ọ̀rọ̀ náà bá ohun tí físíìsì ń wí mu, bí a bá ti lè yọ ohun kan kúrò nínú rẹ̀: èrò pé omi fúnra rẹ̀ ló ń rìnrìn àjò. Kí a bu omi sínú ọpọ́n tó fẹ̀, kí a ju òkúta wẹ́wẹ́ sí àárín rẹ̀, kí a sì fi ewé kékeré kan lé ojú omi náà. Òbìrìkìtì ìgbì yóò tàn dé etí ọpọ́n. Ewé kò ní bá a lọ, yóò kàn máa gòkè, yóò máa sọ̀ kalẹ̀ ní ojú kan. Agbára ni ìgbì ń gbé kiri.

Ohun mẹ́ta ni a ń wọ̀n lára ìgbì. Èkíní ni gígùn rẹ̀, ìyẹn láti orí ìgbì kan dé orí èyí tó tẹ̀ lé e. Èkejì ni iye ìgbà tó mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n fi orúkọ Hertz, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, pe òṣùwọ̀n rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni iyára. Bí a bá fi gígùn ìgbì sọ iye ìmì di púpọ̀, iyára ni yóò jáde.

Ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá, kò sí ẹni tó yẹ kí iye ìmì ṣòro fún, nítorí ojoojúmọ́ ni à ń fi àmì sí i lórí. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tí à ń fi dò, re, mí kọ́ ọmọ kò jú iye ìgbà tí tán-án-ná ọ̀fun ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Mí ń mì kíákíá ju re, re ń mì kíákíá ju dò. Ìyáàlù dùndún ló fi èyí hàn kedere jù. Nígbà tí onílù bá fún ọ̀san mọ́ abíyá, awọ ìlù yóò nà le, yóò máa mì kíákíá, ohùn yóò sì gòkè. Bí ó bá dẹ ọwọ́, awọ yóò dẹ̀, ohùn yóò wálẹ̀. Kọ̀ǹgọ́ lè lù ú jẹ́jẹ́ tàbí kíkankíkan, ìyẹn kò yí ohùn rẹ̀ padà sí òkè tàbí ìsàlẹ̀. Ariwo nìkan ló ń pọ̀ tàbí ń dín. Ọ̀pọ̀ ọmọ girama ló ń da méjèèjì pọ̀, pàápàá nítorí pé Yorùbá a máa sọ fún ẹni tó ń pariwo pé kí ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹni tó rẹ ohùn sílẹ̀ lọ́nà yìí kò sọ mí rẹ̀ di dò.

Ó yẹ kí a fi kún un pé kò sí iye kan pàtó tí mí gbọ́dọ̀ jẹ́. Dò ọmọ kékeré lè ga ju mí bàbá rẹ̀ lọ, síbẹ̀ wọ́n gbọ́ ara wọn yé. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin ohùn kan àti èkejì lẹ́nu ẹnì kan náà ni etí ń gbọ́.

Láti ẹnu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ dé inú yàrá

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìdí òpó Àgídìngbì. Kí a gbà pé ọkùnrin kan ń ka ìròyìn lórí Radio Lagos, tí ohùn rẹ̀ ń mì ní ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ohùn ń rìn nínú afẹ́fẹ́ ní nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá fi 120 pín 340, gígùn ìgbì ohùn rẹ̀ jẹ́ mítà 2.83. Ìgbì rédíò tó gbé ohùn náà jáde láti orí òpó ń mì ní ìgbà mílíọ̀nù 107.5, ó sì ń sáré ní mítà mílíọ̀nù 300 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá pín in, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 2.79. Àwọn ìgbì méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn bákan náà, gígùn yàrá kékeré kan ni. Àmọ́ ọ̀kan ń lọ ní ìwọ̀n bí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún 880 ju èkejì lọ. Olùkọ́ tó bá fi ìṣirò yìí sílẹ̀ lójú pátákó kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé pé gígùn àti iyára kì í ṣe ohun kan náà.

Ọ̀rọ̀ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ nílò àlàyé. Ó dùn ún gbọ́, ó sì ti wọ èdè, kò sí ẹni tí yóò ní kí a pa á tì. Ṣùgbọ́n ìgbì rédíò kò nílò afẹ́fẹ́ rárá. Ohùn ẹnu ló nílò rẹ̀: níbi tí kò bá sí afẹ́fẹ́, a kò lè gbọ́ ohun tí ẹnì kejì wí. Ìmọ́lẹ̀ òòrùn ń gba òfuurufú tí kò sí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀ kọjá, nǹkan bí mílíọ̀nù 150 kìlómítà, kí ó tó dé Àgídìngbì ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú 8. Ọmọ ìyá kan náà sì ni ìmọ́lẹ̀ àti ìgbì rédíò. James Clerk Maxwell ló fi ìṣirò hàn bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1865. Láàrin 1887 sí 1888, Heinrich Hertz ṣe ìgbì náà nínú yàrá ìṣàyẹ̀wò rẹ̀, ó sì gbà á sí ẹ̀gbẹ́ kejì láìsí wáyà láàrin wọn. Ẹni bá rántí ìtàn rédíò ní Èkó mọ̀ pé àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì tó dé ní ọdún 1935 kò gba inú òfuurufú wọ ilé. Wáyà ni wọ́n fi fà á láti ojúlé dé ojúlé.

Bí ìgbì rédíò àti ìmọ́lẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ìyá, kí ló dé tí ojú kò rí ti rédíò? Gígùn ló fà á. Kí a pín mìlímítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún. Gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ pupa jẹ́ nǹkan bí ìdá 7 nínú 10 ìpín kan ṣoṣo nínú wọn, ti àwọ̀ àlùkò sì jẹ́ bí ìdá 4. Láàrin méjèèjì ni awọ ẹ̀yìn ojú ti lè gba ìmọ́lẹ̀. Ìgbì Radio Lagos ń gba ara wa kọjá lọ́sàn-án lóru, ojú kò sì mọ̀ pé àlejò kankan kọjá.

Ògiri àti kọ̀rọ̀

Jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn ọgbà ilé iṣẹ́ ń kọ́ni ní ohun mìíràn. Ẹni tó ń kọjá lọ ní títì ń gbọ́ ọ, kò sì rí i. Kí ló dé tí ohùn fi rí ọ̀nà yípo orí ògiri tí ìmọ́lẹ̀ kò rí i? Ìgbì a máa tẹ̀ yí ká ohun tó bá dí i lọ́nà, bí gígùn ìgbì náà bá súnmọ́ ìwọ̀n ohun ọ̀hún. Ariwo wúwo ẹ̀rọ ní ìgbì tó gùn ní mítà bíi mélòó kan, ògiri ọgbà kò sì ju mítà méjì tàbí mẹ́ta lọ, nítorí náà ó gba orí rẹ̀ yọ. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ kéré jọjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ṣe ni ó fi òjìji sílẹ̀. Ìdí kan náà ni rédíò fi ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí a kò ti lè rí òpó Àgídìngbì.

Èyí kò sọ pé ìmọ́lẹ̀ kì í tẹ̀ yí ká nǹkan. Ó kàn nílò ihò tó kéré jọjọ ni. Thomas Young ló fi hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún pé bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ọ̀nà tóóró méjì kọjá, ìlà tó mọ́lẹ̀ àti ìlà tó ṣókùnkùn yóò tẹ̀ léra wọn: níbi tí orí ìgbì bá ti pàdé orí ìgbì, ìmọ́lẹ̀ yóò pọ̀, níbi tí orí bá ti pàdé ikùn, wọn yóò pa ara wọn rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ àti ìmọ́lẹ̀ pàdé, òkùnkùn jáde. Ọmọ tó bá ní èyí kò ṣeé gbàgbọ́ kò jẹ̀bi. Kí wọ́n mú un lọ sí ọgbà mẹkáníìkì lẹ́yìn òjò, kí ó wo omi tó dárogún tí òróró ẹ́ńjìnì kán sí. Àwọ̀ òṣùmàrè tó wà lójú omi náà kì í ṣe ara òróró. Ìmọ́lẹ̀ kan tapadà láti orí òróró, òmíràn tapadà láti abẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì pàdé: níbi kan pupa pa rẹ́, níbi mìíràn àwọ̀ aró pa rẹ́, èyí tó kù ni ojú rí.

Àwọ̀ mẹ́ta

Wọ́n ti máa ń sọ ọ́ pé àwọ̀ mẹ́ta ni Yorùbá mọ̀: funfun, dúdú àti pupa. Ọ̀rọ̀ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́ta ni èdè ní, fún, dú àti pọ́n. Ojú aláró àti ti ahunṣọ ríran tayọ mẹ́ta. Èyí tó kù, a ń fi orúkọ ohun tó ní in pè é: àwọ̀ ewé, aró, ìyeyè, àlùkò. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé awọ ẹ̀yìn ojú gan-an, irú sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló fi ń mọ àwọ̀: ọ̀kan súnmọ́ pupa, ọ̀kan súnmọ́ àwọ̀ ewé, ọ̀kan súnmọ́ àwọ̀ aró. Kí olùkọ́ má ṣe so èyí pọ̀ mọ́ àwọ̀ mẹ́ta inú èdè o. Wọn kì í ṣe mẹ́ta kan náà, irú àlàyé bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ dójú tini.

Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ń lo àléébù ojú yìí. Bí a bá kán omi kín-ínkín sójú fóònù tàbí tẹlifíṣàn tó ń tàn, omi náà yóò ṣe bí awò, a ó sì rí i pé pupa, ewé àti aró nìkan ló wà níbẹ̀. Ìyeyè tí à ń rí lára aṣọ òṣèré kò sí nínú ẹ̀rọ. Pupa àti ewé ló pawọ́ pọ̀ tan ojú jẹ.

Ibi tí àìmọ̀ ti ń pani lára

Omi a máa tẹ ìmọ́lẹ̀ nígbà tó bá ń jáde bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Nítorí náà ni igi tí a kì bọ omi fi dàbí èyí tó ṣẹ́, tí ìsàlẹ̀ odò sì fi dàbí pé ó wà nítòsí. Omi tó jìn ní mítà 2 yóò dàbí mítà 1.5 lójú ẹni tó wò ó láti òkè. Ọmọ tí mítà 1.5 kò bo orí rẹ̀ lè fò sínú kòtò tí òjò kún nítorí pé ojú rẹ̀ sọ fún un pé yóò fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀.

Èkejì ni iná ajórin. Àwọn ọmọ iléèwé a máa dúró wo wẹ́dà lẹ́bàá títì, nítorí ó dára lójú. Iná yẹn ní ìtànṣán kan tí ìgbì rẹ̀ kúrú ju ti àlùkò lọ, tí ojú kò lè rí, tó sì ń jó awọ iwájú ẹyinjú bí oòrùn ṣe ń jó awọ ara. Ẹni tó wò ó kò ní mọ nǹkan kan lójú ẹsẹ̀. Wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà ni ojú yóò máa ta bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, tí omi yóò sì máa dà. Dígí dúdú tí ajórin fi bojú kì í ṣe fún afẹ́. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ń di irin mú fún ọ̀gá rẹ̀, tó kàn ń ṣẹ́jú, nílò tirẹ̀ náà, nítorí ìtànṣán náà kò mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọ iṣẹ́. Bí ẹ̀kọ́ ìgbì kò bá tilẹ̀ wúlò fún ohun mìíràn ní Àgídìngbì àti Agége, èyí nìkan tó ìdí láti kọ́ ọ ní èdè tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ gbọ́.

Fèrè ọkọ̀ ojú irin

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ọkọ̀ ojú irin Red Line ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láti Agbádó lọ sí Òyìngbò, tó ń gba Agége àti Ìkejà kọjá. Ẹni tó bá dúró síbi tí kò léwu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà irin, tí ọkọ̀ kọjá lẹ́nu fèrè fífọn, yóò gbọ́ pé ohùn fèrè náà wálẹ̀ lójijì bí ọkọ̀ ṣe kọjá rẹ̀. Awakọ̀ kò yí ohunkóhun padà. Nígbà tí ọkọ̀ ń bọ̀, ó ń lé ìgbì tirẹ̀ bá, gígùn ìgbì ń kúrú, iye tó ń dé etí ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń pọ̀. Nígbà tó kọjá, ó ń sá kúrò lẹ́yìn ìgbì náà, gígùn ń pọ̀, iye ń dín. Bí fèrè bá ń mì ní ìgbà 300, tí ọkọ̀ sì ń sáré ní kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ẹni tó dúró yóò gbọ́ nǹkan bí 315 nígbà tó ń bọ̀, yóò sì gbọ́ nǹkan bí 286 nígbà tó ń lọ.

Ọmọ tó ti ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá láti kékeré ti ní etí tó lè gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn láìlo ẹ̀rọ kankan. Kí olùkọ́ mú kíláàsì lọ sí ẹ̀yìn ọgbà ibùdókọ̀ ní Ìkejà, kí olúkúlùkù mú bébà àti bírò dání. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá, kí wọ́n fi àmì ohùn kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀, kí olùkọ́ tó la ẹnu sọ ohunkóhun.